Bí A Ṣe Ń Yọ Àtè Sítíkà Láì Yọ Ọ̀dà Mọ́tò

  Lẹ́tà méjì ni ó wà lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì sì ń sọ. Olùkọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀ ni ó kọ èkíní. Ó yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́, ó fi ra Toyota tòkunbọ̀ kan, ọdún méjì ni yóò sì fi san owó náà padà. Mọ́tò dára, ẹ́ńjìnnì kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ láti òkè òkun wá. Ó fi èékánná ya ìwé náà. Ìwé bọ́, àtè kò bọ́. Eruku ti wá bo àtè náà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ti ń bi òun léèrè pé, "Sà, ṣé iná ló jó mọ́tò yín ni?"

Ìyá oníṣòwò kan ní Àpápá GRA ni ó kọ lẹ́tà kejì. Sítíkà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni ó wà lórí bùùtù mọ́tò tirẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ìyàwó náà ti bí ìbejì, sítíkà kò tíì kúrò. Dẹ́rẹ́bà ìyá ní kí wọ́n ra réésà àti bẹntiróòlù ìgò kan fún òun, ìṣẹ́jú márùn-ún ni òun yóò fi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìyá ní kí ó ṣe sùúrù kí òun kọ́kọ́ béèrè.

Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ìṣẹ́jú márùn-ún dẹ́rẹ́bà yẹn lè di owó pẹ́ńtà, ó sì lè di iná.

Kò yà mí lẹ́nu pé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni lẹ́tà méjèèjì ti wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin àkọ́kọ́ sí Àpápá, láàárín ọdún 1921 sí 1926, ẹnu ọ̀nà ni àdúgbò náà jẹ́ fún ẹrù tí ń ti òkè òkun bọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣí èbúté Tin Can Island ní 1977, ẹrù tún pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tòkunbọ̀ tí à ń gùn kiri ni ó gba ibẹ̀ wọlé, mọ́tò tí wọ́n sì rà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà kì í sábà dé ní ìhòòhò. Nọ́ńbà gbàǹjo wà lára gíláàsì, ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wà lára ilẹ̀kùn, orúkọ oníṣòwò tí ó kọ́kọ́ tà á wà lára bùùtù. Oòrùn tí ó pa á nínú ọgbà èbúté ti se gbogbo wọn mọ́ ara ọ̀dà.

Ẹ sì wo àwọn tírélà tí ń tò lọ sí wọ́ọ̀fù. Iwájú òmíràn kún fún sítíkà ìjọba ìbílẹ̀ láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, bí aṣọ alábùlẹ̀. Òfin nọ́ńbà 21 ti ọdún 1998 ka irú owó orí tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ nítorí àtigba owó orí. Ṣùgbọ́n ẹ bi dẹ́rẹ́bà tírélà léèrè bóyá sítíkà dín kù lára ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Àtè ni a ń lé lọ́wọ́.

Kí a tó lé àlejò, ó yẹ kí a mọ irú àlejò tí ó jẹ́. Láyé àtijọ́, sítáàṣì tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni a fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, àwọn olóṣèlú sì ń lò ó títí di òní. Omi ni ọ̀tá sítáàṣì. Òjò ńlá kan ṣoṣo, àwòrán olóyè ti wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1935, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Stanton Avery, ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwé pélébé tí àtè ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò bèèrè omi, tí kò bèèrè itọ́: ènìyàn kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni, ó mú. Irú àtè bẹ́ẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn sítíkà ìgbéyàwó ìyá. Ó bá rọ́bà tan ju bí ó ti bá sítáàṣì tan lọ. Ìdí nìyí tí ọṣẹ àti omi kì í fi í ràn án, bí ẹ tilẹ̀ ń fọ̀ ọ́ láti Kérésìmesì títí di Àjíǹde.

Ẹni tí ó bá ti dẹ àtè fún ẹyẹ rí nígbà èwe yóò ti mọ ìdáhùn kí n tó sọ ọ́. Nígbà tí àtè bá mú wa lọ́wọ́, omi odò kì í tú u. Epo ni àwọn ìyá wa ń fi ra ọwọ́ wa, àtè a sì yọ̀ kúrò wẹ́rẹ́. Bákan náà ni ti sítíkà. Ohun méjì ni àtè yìí ń bẹ̀rù, ooru àti òróró. Ooru ń mú kí ó rọ̀. Òróró ń wọ inú rẹ̀ lọ, ó ń mú kí ó wú, yóò sì jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú. Ṣùgbọ́n òróró kì í sáré wọlé. Ó ń fẹ́ àkókò, àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ fún un, ni wọ́n fi ń fa réésà yọ.

Ìjà àtè àti ọ̀dà mọ́tò kì í kúkú ṣe ti òní. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó di àṣà ní Amẹ́ríkà láti máa kun mọ́tò ní àwọ̀ méjì. Àwọn pẹ́ńtà a lẹ ìwé bo àwọ̀ kìíní kí èkejì má bàa ta sí i. Bí wọ́n bá sì ti ń ya ìwé náà kúrò, ọ̀dà a bá a lọ, iṣẹ́ ọjọ́ méjì a di òfo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Richard Drew, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ 3M, rí ìyà tí ń jẹ wọ́n. Ó lọ jókòó ti iṣẹ́ náà, nígbà tí ó sì di 1925 ó ti ṣe téèpù kan tí ń mú, tí ó sì ń bọ́ láì ya ọ̀dà. Irú téèpù yẹn ni àwọn pẹ́ńtà wa ṣì ń lẹ̀ yí gíláàsì mọ́tò ká kí wọ́n tó fọ́n ọ̀dà.

Ó kan ọ̀dà fúnra rẹ̀ wàyí. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà, nítorí pé ibí ni owó wà. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe mọ́tò, wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kun irin kí ó má bàa dípẹtà. Wọ́n a kun àwọ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n a wá fi ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀, tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, bo gbogbo rẹ̀. Òun ni ó ń dán tí a fi ń rí ojú ara wa nínú ilẹ̀kùn mọ́tò tuntun. Gbogbo ìpele wọ̀nyí lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí méjì tí a tò léra lọ. Ìpele tí ń dán yẹn nìkan kò sì tó irun kan. Ẹ wá rò ó wò, ojú réésà tí ó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ibo ni kò ní dé? Bí ó bá sì dé orí irin, ẹ rántí ibi tí à ń gbé. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ni ó ń fẹ́ láti òkun wá sí Àpápá. Irin tí ó bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ kì í pẹ́ dípẹtà.

Ohun mìíràn tún wà. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ni ó ṣì ń wọ ọ̀dà tí wọ́n fi bí i. Ọ̀pọ̀ ni panẹbítà àti pẹ́ńtà ti fi ọwọ́ kàn nínú ìlú wa, ọ̀dà tí wọ́n sì ń lò fún òmíràn jẹ́ èyí tí wọ́n kàn fi tínà pò. Ohun tí a fi tínà pò, tínà lè tú u ká. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ohunkóhun kan ojú sítíkà, ẹ wá ibi tí ojú kì í tó ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tàbí bùùtù kan náà. Ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ rin àkísà funfun, kí ẹ rọra fi pa ibẹ̀. Bí àkísà bá jáde láì ní àwọ̀ mọ́tò lára, kò séwu. Bí àwọ̀ bá bá a jáde, ẹ gbé kẹrosíìnì padà sí ilé ìdáná, òróró àti omi gbígbóná nìkan ni kí ẹ lò. Àdánwò kékeré yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo sì lè sọ pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ wí.

Iṣẹ́ òwúrọ̀ ni iṣẹ́ yìí, kí oòrùn tó mú, lábẹ́ ìbòòji. Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, nítorí iyanrìn tí ó bá kù lábẹ́ àkísà yóò máa ha ọ̀dà bí ẹ ti ń nù ún. Bí ìwé sítíkà bá ṣì wà, ẹ ki aṣọ bọ omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, ẹ fún un, kí ẹ tẹ́ ẹ lé sítíkà lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tún un ṣe bí ó bá ti tutù. Àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun lè lo ìyẹn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé e sí ojú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi káàdì báńkì tí ó ti kú tàbí ike pẹlẹbẹ mìíràn gbé etí sítíkà sókè. Ẹ má fà á sókè gán-ún. Ẹ ká a padà sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó awọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n.

Àtè tí ó bá kù ni ti olùkọ́ wa. Ẹ da òróró ẹ̀pà sórí òwú tàbí àkísà rírọ̀, ẹ fi pa á títí yóò fi tutù dáadáa, kí ẹ fi láílọ́ọ̀nù bò ó, kí ẹ sì lọ ṣe nǹkan mìíràn fún ìdajì wákàtí. Olùkọ́ lè máa máàkì ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ fi àtàǹpàkò yí i. Yóò máa ká jọ bí ìdọ̀tí ara tí a fi kànrìnkàn ha. Bí ó bá ṣì ń ṣe agídí, ẹ tún òróró kun un. Àdín náà lè ṣe é. Epo pupa ni kí ẹ má dán wò lára mọ́tò funfun. Ẹni tí ó bá ní owó lè ra WD-40 tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Epo fẹ́ẹ́rẹ́ ni òun náà, ó yára ju òróró ẹ̀pà lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò ṣe é lò nítòsí iná.

Kẹrosíìnì ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀dà bá ti yege nínú àdánwò tí mo sọ. Díẹ̀ lórí àkísà ni kí ẹ lò, kí ẹ má da á sí ara mọ́tò láti inú ìgò. Kí ara mọ́tò tutù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú tí oòrùn ọ̀sán pa gbóná tó láti mú kí kẹrosíìnì máa ru èéfín tí ó lè gbiná. A sì mọ̀ pé àwọn kan ń fi bẹntiróòlù lu kẹrosíìnì tí wọ́n ń tà. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti jóná ní orílẹ̀-èdè yìí nítorí rẹ̀. Bí òórùn rẹ̀ bá yí padà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Nígbà tí àtè bá ti tán, ẹ fi omi ọṣẹ fọ epo kúrò, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ nù ún gbẹ. Bí ibẹ̀ bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀, ẹ lè fi sípírítì nù ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀dà rẹ̀ bá àkísà jáde kò gbọdọ̀ dán sípírítì wò rárá. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi ìda mọ́tò ra ojú ibẹ̀ kí ó dán.

Ó wá ku dẹ́rẹ́bà àti bẹntiróòlù rẹ̀. Mo dúró níjọ́ kan ní ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Àpápá, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá ìyá kan sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ n fi bẹntiróòlù bá yín nù ún."

"Ọmọ mi, ṣé kò ní ba ọ̀dà jẹ́?"

"Rárá o, Màmá. Gbogbo èèyàn ni mò ń ṣe é fún."

Bẹntiróòlù wà nínú abọ́ tí kò ní ìdérí ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí ń fa omi wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i, ó ń kù hùùù, imú rẹ̀ gbóná janjan. Mo ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, gbé abọ́ yẹn jìnnà ná." Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé nítorí ọ̀dà ni mo fi sọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín igi ìdáná. Ilẹ̀ ni ó ń rá lọ, ojú kò sì rí i, títí yóò fi bá iná pàdé níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Kò di ìgbà tí ènìyàn bá ṣáná sí i. Ìyá náà ní kí ó fi sílẹ̀, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ tòun ti sítíkà. Ọgbọ́n ni ó ṣe.

Tínà àti omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: wọn kì í dá àtè mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀dà. Kànrìnkàn onírin, yanrìn, àti ìyẹ̀fun tí a fi ń fọ ìkòkò, gbogbo wọn ni ó ń ha ojú dídán kúrò, wọn a sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní fífunfun bí ojú afọ́jú. Olùkọ́ tí ó ń san gbèsè ọdún méjì kò gbọdọ̀ gbàgbé pé yóò ta mọ́tò yìí lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò rí ibi tí wọ́n ha, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yìí ti ní jàǹbá rí," yóò sì já owó, bẹ́ẹ̀ sítíkà lásán ni.

Réésà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n lára gíláàsì nìkan ni, pẹ̀lú omi ọṣẹ, kí ojú rẹ̀ sì sùn sílẹ̀. Gíláàsì ẹ̀yìn tí ó ní àwọn ìlà tín-ín-rín nínú, ẹ má fi réésà kàn án láti inú; wáyà ni àwọn ìlà náà, bí ọ̀kan bá gé ó tán. Bí wọ́n bá sì ti lẹ tíńtì mọ́ gíláàsì yín, omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi mọ, nítorí tínà àti réésà yóò mú tíńtì lọ.

Ìyá wa ní Àpápá lè rí ohun kan tí yóò dà á láàmú lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe gbogbo èyí. Ó lè rí ojú sítíkà náà síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, pẹ̀lú ọkàn méjì àti orúkọ ọkọ àti ìyàwó, láìsí àtè kankan. Kí ó má tún bẹ̀rẹ̀ sí fi òróró bọ́ ọ. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Oòrùn ọdún mẹ́ta ni ó ti pa ọ̀dà yòókù, sítíkà sì ṣíji bo ti abẹ́ rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ tuntun ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè fi póléṣì ra gbogbo ojú bùùtù náà kí wọ́n lè súnmọ́ ara wọn. Kí ó rí i pé onítọ̀hún kò ra á jù, nítorí gbogbo póléṣì tí ń gé ojú ọ̀dà ń bù lára ìpele tí kò tó irun kan yẹn. Bí ó bá sì lè mú sùúrù, oòrùn kan náà yóò pa ibẹ̀ pẹ̀lú.

Kí n tó gbàgbé: àwọn ìwé kan wà lára mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ wo ara òpó rẹ̀. Ẹ ó rí ìwé tàbí irin pélébé kan tí ó ní nọ́ńbà ṣasí, lẹ́tà àti òǹkà mẹ́tàdínlógún, àti iye afẹ́fẹ́ tí ó yẹ nínú táyà. Ní ara Toyota ẹ ó tún rí ibi tí wọ́n kọ C/TR sí. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni àmì àwọ̀ mọ́tò yín: 040 ni funfun kan, 202 ni dúdú kan, 1F7 ni fàdákà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ha ilẹ̀kùn yín kí lẹ́tà mi tó dé, àmì yẹn ni kí ẹ kọ sínú ìwé lọ bá ẹni tí ń po ọ̀dà, kí ó má ṣe fi ojú wò ó pò.